Irú fílítà wo ni ó tó fún táǹkì ẹja 160 lítà nínú ilé tí iná ọba kì í dúró sí?

Ọmọ Olúyọ̀lé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Oníṣẹ́ gíláàsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi ṣe táǹkì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 45. Mo fẹ́ kó goldfish mẹ́wàá sínú rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ni ó wu àwọn ọmọ mi jù. Omi kò tíì wọ inú táǹkì náà. Ọ̀rọ̀ fílítà ni ó dá mi dúró, nítorí pé ẹni mẹ́ta ni mo ti bi, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan.

Ẹni tí ó ń ta ẹja lọ́jà ní kí n ra èyí tí a ń fi kọ́ etí táǹkì, tí wọ́n kọ 600 lítà ní wákàtí kan sára páálí rẹ̀; ó ní ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ẹnì kejì ní kánísítà ni kí n rà, ìyẹn fílítà ńlá onídèérí tí ó máa ń wà lábẹ́ táǹkì, tí rọ́bà kan ń gbé omi wọ inú rẹ̀ tí òmíràn sì ń gbé e padà sókè, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju owó táǹkì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó ní fóòmù kan tí páǹpù afẹ́fẹ́ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn sí nísàlẹ̀ omi ti tó fún ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé iná ọba ní àdúgbò wa kò ní àkókò: ó lè wà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó sì lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó má dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ní ínfátà kékeré kan pẹ̀lú bátìrì kan; fáànù àti gílóòbù ni ó ń gbé lóru. Omi kànga ẹ̀rọ ni a ń lò nílé. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé fílítà kan tó, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i bí iná bá lọ?

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí omi tó wọ inú táǹkì, nítorí pé ìgbà tí ẹja bá ti ń kú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò omi. Bí a bá fi 90 sọ 40 di púpọ̀, tí a tún fi 45 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a wá fi 1,000 pín in, lítà 162 ni a óò rí. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní kún un dé ètè, yanrìn àti òkúta yóò sì gba àyè, nítorí náà ẹ ka omi tí yóò wà níbẹ̀ gan-an sí nǹkan bí lítà 140. Òdiwọ̀n tí àwọn tí ń sin ẹja omi aláìníyọ̀ sábà máa ń lò ni pé kí iye omi táǹkì gba inú fílítà kọjá ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín wákàtí kan. Fún táǹkì yín, ìyẹn jẹ́ lítà 560 sí 840. Òdiwọ̀n yìí kò kan goldfish. Ẹja tí ó ń jẹun púpọ̀ tí ó sì ń yàgbẹ́ púpọ̀ ni, ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni a sì máa ń ṣírò fún un, èyí tí ó gbé wa dé lítà 1,120 sí 1,400. Nítorí náà 600 tí wọ́n ní ó ṣẹ́kù fi díẹ̀ lé ní ìdajì iye tí ó kéré jù nínú ìyẹn ni.

Iye tí wọ́n kọ sára páálí pàápàá kò ṣe é gbára lé. Nígbà tí fílítà ṣófo ni wọ́n wọ̀n ọ́n, láìsí fóòmù nínú rẹ̀, láìsí ìdọ̀tí, tí omi kò sì ní òkè kankan láti gùn. Bí ẹ bá ti kó nǹkan sí inú rẹ̀, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó sábà máa ń kù. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ fi garawa lítà 10 gba omi tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì máa wo aago. Bí ó bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà 600 ni ó ń gbé ní wákàtí kan. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú méjì, 300 ni, ohunkóhun tí ó wù kí páálí sọ.

Síbẹ̀, eré tí omi ń sá kọ́ ni ó ń gba ẹja là. Lóòótọ́ ni fílítà ń sẹ́ ìdọ̀tí tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ojú kò rí. Ẹja ń tú amóníà sínú omi láti ibi tí ó fi ń mí, ìgbẹ́ àti oúnjẹ àjẹkù náà sì ń di amóníà bí wọ́n bá ti ń jẹrà. Amóníà yìí ń jó ẹja níbi tí ó fi ń mí gan-an. Bakitéríà kan ń sọ amóníà di nitrite, májèlé ni nitrite náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé ọ́síjìn; bakitéríà mìíràn, pàápàá jù lọ èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nitrospira, ń sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà títí ẹ óò fi pààrọ̀ omi. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í káàkiri inú omi. Ara nǹkan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́: ihò inú fóòmù, òrùka amọ̀ sísun oníhò wẹ́wẹ́, yanrìn, ara òkúta. Fílítà tí ó gbé omi púpọ̀ tí fóòmù inú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ̀bi èyí tí a ń kọ́ sí etí táǹkì sì nìyẹn lójú tèmi.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ iná ọba ti wọlé. Bakitéríà náà ń mí. Láti sọ gíráàmù nitrogen kan tí ó wà nínú amóníà di nitrate, wọ́n ń lo ọ́síjìn tí ó tó gíráàmù mẹ́rin àbọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń lo kánísítà, omi tí a dé mọ́ inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti rí ọ́síjìn mìíràn. Bakitéríà yóò lo èyí tí ó kù tán láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò sì máa rà. Nígbà tí iná bá dé lóru tí ẹ ti sùn, ẹ̀rọ náà yóò tan ara rẹ̀, yóò sì tú omi kíkẹ̀ náà sórí ẹja. Èyí tí a ń kọ́ sí etí ní àléébù tirẹ̀: bí iná bá lọ, omi tí ó wà lẹ́nu rọ́bà rẹ̀ lè já, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí omi táǹkì ń gbẹ kíákíá tí ojú rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, bí iná bá sì dé, yóò máa yí lórí òfo títí ẹnìkan yóò fi bu omi sí i. Fóòmù tí páǹpù afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ kò dà bẹ́ẹ̀. Inú omi táǹkì gbangba ni ó wà, kò sí ohun tí ó dé e mọ́lẹ̀, páǹpù tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kì í sì í sábà jẹ ju wáàtì mẹ́ta sí márùn-ún lọ.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí táǹkì náà bá jẹ́ tèmi ni pé n óò ra fóòmù ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì tí ó tó 150 lítà tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní páǹpù afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn páǹpù náà yóò jẹ́ èyí tí ó ní bátìrì nínú, tí ó máa ń gbà á ṣe fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ. Lẹ́yìn náà n óò fi fílítà oníná kan kún un, èyí tí ó ń wọ inú omi, tí wọ́n kọ 800 sí 1,000 lítà sí lára, kí ó máa kó ìdọ̀tí nígbà tí iná bá wà. Bí ó bá dákẹ́, ohun tí ẹ pàdánù kò ju pé omi kò mọ́ gaara fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀mí ẹja kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ goldfish mẹ́wàá nínú 140 lítà, fílítà kankan kò lè gbà wọ́n. Ẹja kéékèèké tí ẹ rí lọ́jà yẹn kò tíì dàgbà. Àwọn tí ara wọn gùn lè kọjá 30 sẹ̀ǹtímítà, adágún inú àgbàlá sì ni àyè wọn. Àwọn oníkùn-ròbòtò ni ẹ lè kó sínú táǹkì yìí, méjì tàbí mẹ́ta péré. Ẹ tún rántí pé ẹja omi tútù ni goldfish. Omi tí ó wà ní ìwọ̀n ooru 20 lè di ọ́síjìn tí ó tó mílígíráàmù 9 mú nínú lítà kan, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná dé 30, bí yàrá wa ṣe ń rí ní oṣù kẹta, mílígíráàmù 7 àbọ̀ ni ó lè dì mú mọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn fílítà tí ó ń da ojú omi rú ju èyí tí ó kàn ń gbé omi kiri lọ. Bí àwọn ọmọ bá gbà, ẹ wo kribensis, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Pelvicachromis pulcher. Ẹja gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín ni, ikùn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ooru wa kò ni í lára, kò sì fẹ́ omi tí ó ń sáré.

Ìyá Ìbejì ní Peckham:

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbè kánísítà lẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ohun tí ó ń fúnni tí fóòmù kò lè fúnni ni àyè. Kánísítà tí ó wà lábẹ́ táǹkì mi ń gba òrùka amọ̀ àti fóòmù tí ó lé ní lítà márùn-ún, mo sì tò wọ́n ní ìpele: fóòmù oníhò ńlá ni omi kọ́kọ́ ń bá pàdé, kí ó lè kó ìdọ̀tí ńlá, lẹ́yìn náà oníhò kékeré, lẹ́yìn náà òrùka amọ̀. Bí a bá tò ó sódì, ìdọ̀tí yóò di ihò àwọn òrùka náà pa, bakitéríà inú wọn kò sì ní rí omi. Kò pariwo, kò sì gba àyè lójú ẹja. Ẹni tí ínfátà rẹ̀ lágbára tó láti gbé e láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀ lè lò ó ní Ìbàdàn láìsí wàhálà, níwọ̀n bí ó bá ti mọ òfin kan: bí ó bá dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, kí ó yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná, kí ó ṣí i, kí ó da omi inú rẹ̀ nù, kí ó fi omi táǹkì ṣan fóòmù rẹ̀, kí ó tó tàn án padà. Ẹni tí kò bá lè máa ṣe èyí ní òru, kí ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn Bàbá.

Omi ti Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín ní ìṣòro tirẹ̀, mo sì ń sọ èyí nítorí àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Kiloramíìnì ni ilé-iṣẹ́ omi fi ń pa kòkòrò nínú omi wa, kì í ṣe kilorínì lásán. Kilorínì máa ń fò lọ bí a bá gbé omi kalẹ̀ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kiloramíìnì kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀, oògùn tí ń pa á ni a gbọ́dọ̀ dà sínú omi. Ẹni tí ó bá gbé fóòmù fílítà sábẹ́ ẹ̀rọ omi níhìn-ín tí ó fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun ti pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú bakitéríà rẹ̀ nìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé fílítà kan ṣoṣo ni ó sì ní, ẹja rẹ̀ yóò rí ìyà rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Omi wa tún le, ìyẹn ni pé ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, pH rẹ̀ (òdiwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bí ó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe ń kan sí) sì máa ń sún mọ́ 8. Amóníà ní ìrísí méjì nínú omi, ọ̀kan léwu gan-an, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ní ìwọ̀n ooru 25, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tí ó léwu kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí pH bá gun 8, ó di ìdá márùn-ún ó lé díẹ̀. Nítorí náà amóníà kékeré tí ẹja yín lè fara dà nílé lè pa tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èédú fílítà ní oṣooṣù, kí ni ẹ ń fi ṣe? Mo ń lò ó láti yọ oògùn kúrò lẹ́yìn ìtọ́jú ẹja, n kò lò ó fún ohun mìíràn. Ó máa ń kún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í sì í mú amóníà.

Alárọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn, kì í ṣe ẹja ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pH tí ìyá wa mú wá ni ó mú mi dá sí i, nítorí pé ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi àrọ̀ ṣe àwòkọ́ṣe fún fílítà. Àrọ̀ ní ohun tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ó lè wà láàyè nínú omi dúdú tí goldfish kò ní lò di alẹ́ nínú rẹ̀.

Omi kànga ẹ̀rọ lórí ilẹ̀ yanrìn tiwa ní etí òkun sábà máa ń kan, pH rẹ̀ lè wà lábẹ́ 6, kò sì sí ẹfun nínú rẹ̀ rárá. Ìbàdàn dúró lórí òkúta líle, omi ibẹ̀ sì sábà máa ń sàn ju tiwa lọ ní ọ̀nà yìí, síbẹ̀ ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ìdí tí ó fi kan fílítà ni pé bakitéríà tí Bàbá sọ̀rọ̀ wọn ń jẹ ẹfun inú omi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́: gíráàmù nitrogen kan tí wọ́n bá sọ di nitrate ń gba ohun tí ó tó gíráàmù méje nínú ẹfun tí omi fi ń kọ kíkan. Nínú omi tí kò ní i, pH yóò máa já wálẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ó bá sì ti lọ sí abẹ́ 6, iṣẹ́ wọn yóò lọ sílẹ̀ gan-an, bí ó ti wù kí fílítà náà tóbi tó. Amóníà yóò wá máa gbárajọ láìpa ẹja, nítorí pé ìrísí rẹ̀ tí kò léwu ni ó wà nínú omi kíkan. Ọjọ́ tí onílé bá pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú omi mìíràn tí pH rẹ̀ ga ni gbogbo rẹ̀ yóò yí padà di èyí tí ó léwu, ẹja yóò kú, wọn yóò sì ní omi tuntun ni ó pa wọ́n.

Ohun tí kò wọ́n tí ó ń tún un ṣe ni ìkarahun. Ẹ wá ìkarahun ìsáwùrú, ẹ sè é, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹran inú rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì di ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú àpò àwọ̀n kékeré kan níbi tí omi fílítà ti ń kọjá. Yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi bá ti ń kan, kì í sì í yọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Fún goldfish ó dára. Kribensis kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó.

Nítorí àwọn tí kò gbà pé ẹja mẹ́wàá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nínú adágún. Bí púrótéènì oúnjẹ ẹja bá jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù kan rẹ̀ ní nitrogen tí ó tó mílígíráàmù 64. Ẹ ní kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ padà sínú omi gẹ́gẹ́ bí amóníà, ìyẹn mílígíráàmù 30 ó lé. Nínú omi lítà 140, ó fi díẹ̀ lé ní 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan. Goldfish mẹ́wàá tí wọ́n ti ń dàgbà lè jẹ gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, èyí tí ó ju mílígíráàmù kan lọ nínú lítà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Fílítà tí ó tó ni èyí tí ó lè jẹ gbogbo ìyẹn tán kí ilẹ̀ tó mọ́, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí iná kò dé. Ẹja mẹ́ta ń fún un ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà.

Ọmọ Ìkòròdú:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ iná tí ó rẹlẹ̀ kún un. Nígbà tí agbára iná bá wá ní 150 fólítì dípò 220, ọ̀pọ̀ fílítà oníná kì í lè yí. Wọn yóò máa kùn lásán, ara wọn yóò sì máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò tẹ́jú máa ń ṣe wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń tú u. Ariwo nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ọmọ Olúyọ̀lé:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, a sì ti gbà pé goldfish oníkùn-ròbòtò mẹ́ta ni a óò kó síbẹ̀. Fóòmù méjì àti fílítà oníná kan ni n óò rà, n óò sì fi owó kánísítà sílẹ̀ fún bátìrì kejì.

Ìbéèrè mi kù díẹ̀. Ǹjẹ́ mo lè so fóòmù méjèèjì mọ́ páǹpù kan kí owó lè dínkù, kí n sì so páǹpù náà mọ́ ínfátà? Ẹni tí ó ń tajà ní kí n máa fọ gbogbo fóòmù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyàwó mi tún ń béèrè bóyá a lè máa pa fílítà lóru nítorí ariwo, nítorí pé pálọ̀ ni táǹkì yóò wà, ibẹ̀ sì ni ìyá mi máa ń sùn bí wọ́n bá wá kí wa. Báwo ni n óò sì ṣe mọ̀ pé bakitéríà ti wà nínú rẹ̀ kí n tó ra ẹja?

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Páǹpù kan tí ó ní ẹnu méjì lè gbé fóòmù méjèèjì, ṣùgbọ́n bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya, méjèèjì ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí mo fi pín wọn nìyẹn. Ní ti ínfátà, ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná kí ó tó gbé ohunkóhun, ó sì lè jẹ ìlọ́po mélòó kan ohun tí páǹpù wáàtì márùn-ún ń jẹ. Ẹ máa lò ó nígbà tí ẹ bá ti tàn án fún fáànù tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe tàn án nítorí páǹpù nìkan. Páǹpù tí ó ní bátìrì nínú, tàbí èyí tí a lè kì bọ páwà báǹkì tí ẹ fi ń gba iná fóònù, ni yóò gbé yín la òru kọjá.

Ẹ má pa á lóru. Ní òru ni ọ́síjìn inú omi ń lọ sílẹ̀ jù, pàápàá bí ewéko bá wà nínú táǹkì, nítorí pé ewéko náà ń mí ọ́síjìn nígbà tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀. Ariwo páǹpù sábà máa ń wá láti ara pákó tí ẹ gbé e lé. Ẹ fi fóòmù àlòkù tàbí aṣọ tí a ká sí abẹ́ rẹ̀, ìyá yóò sì sùn.

Fífọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, tí ó yẹ kí ó máa jẹ́ ìdá mẹ́rin táǹkì ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da díẹ̀ nínú omi tí ẹ fà jáde sínú garawa, kí ẹ fún fóòmù kan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì gbé e padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì pọ́n. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ kan èyíkéyìí nínú wọn láé. Àmì tí ó fi hàn pé fóòmù fẹ́ fífọ̀ ni pé hóhò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde lọ́nà tí kò dọ́gba, tàbí pé omi fílítà oníná ti rọ.

Bakitéríà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó pọ̀ tó, ooru wa sì lè mú un yá díẹ̀. Ẹ máa ju ẹyọ oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ láìsí ẹja nínú rẹ̀, kí ó lè rí amóníà jẹ. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tí ó ní táǹkì tí ara ẹja rẹ̀ dá, ẹ tọrọ fóòmù àlòkù rẹ̀, kí ẹ gbé e wálé nínú omi táǹkì rẹ̀ láìjẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ó lè dín ìdúró náà kù gan-an. Nínú gbogbo ohun tí ẹ óò rà, ohun tí a fi ń yẹ omi wò ni n kò ní gbà kí ẹ fò. Ẹ ra ti amóníà àti ti nitrite. Ọjọ́ tí ẹ bá ju oúnjẹ sínú omi lánàá tí méjèèjì sì jẹ́ òfo lónìí, tí nitrate sì ti ń hàn, ẹ lè kó ẹja kan wọlé, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún yẹ omi wò kí àwọn méjì tó kù tó dé.

Ohun kan ni ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ẹ gbé páǹpù afẹ́fẹ́ yín sí ibi tí ó ga ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ fi fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà sí ara rọ́bà rẹ̀. Bí páǹpù bá wà nísàlẹ̀ tí iná sì lọ, omi lè gba inú rọ́bà náà wá sínú páǹpù, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ara iná tàbí kí ó máa ṣàn sílẹ̀ pálọ̀. Fáàfù náà ní ojú méjì. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ẹ tó so ó, kí ojú tí atẹ́gùn ń gbà jáde lè wà ní apá táǹkì.